Passion ti Peter Gabriel: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin fíìmù láì wo fíìmù

Àwo wo gan-an là ń sọ?

Passion ni, iṣẹ́ ọwọ́ Peter Gabriel, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fíìmù The Last Temptation of Christ ni wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin náà. Martin Scorsese ló darí fíìmù yẹn, oṣù kẹjọ ọdún 1988 ló sì jáde. Àwo orin ní tiẹ̀ kò tíì sí lọ́jà nígbà yẹn. Ó di oṣù kẹfà ọdún 1989 kí ẹnikẹ́ni tó rí i rà. Orin 21 ló wà nínú rẹ̀, àpapọ̀ wọn sì lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ohùn èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ègbè tó máa gbè lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí i.

Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ wo fíìmù náà?

Rárá o. Kódà, tí ẹ bá bi mí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àwo náà, kí fíìmù tẹ̀ lé e bó bá wù yín.

Nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ló ni iwájú. Orin á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fà á wálẹ̀ torí pé Júdásì fẹ́ sọ̀rọ̀, ìran á yí padà, wọ́n á sì gé e níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Bí gbogbo orin fíìmù ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹ̀bi nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi etí fíìmù gbọ́ ọ á máa retí Willem Dafoe, òṣèré tó ṣe Jésù, nínú aṣálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún. Ẹni tí kò wò ó rí ni orin náà ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Nínú àwo, orin kọ̀ọ̀kan ráyè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan a sì máa ṣílẹ̀kùn fún èkejì lọ́nà tí kò ṣeé ṣe nínú fíìmù, nítorí pé àwọn ìran kò tò tẹ̀ léra bí àwọn orin ṣe tò.

Kí ló dé tí àwo náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fíìmù?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Fíìmù yẹn rí ìjàngbọ̀n kó tó dé ilé sinimá. Ilé-iṣẹ́ fíìmù Paramount ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é, wọ́n sì pa á tì ní 1983 nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fapá jánú. Ilé-iṣẹ́ míì, Universal, ló gbé e dìde, Scorsese sì lọ ya á ní Mòrókò ní 1987 pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀, ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Wọ́n ti ní oṣù kẹsàn-án 1988 làwọn máa gbé e jáde, wọ́n bá sáré fà á wá sí ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ.

Irú eré sísá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orin lóore. Ohun tó wà lọ́wọ́ Gabriel ló kó fún wọn. Àwọn èrò kan ṣì wà tí kò tíì jinná. Lẹ́yìn tí fíìmù ti jáde tán ló padà sí sítúdíò, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù tún un ṣe. Ó tún àwọn kan ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó na àwọn kan sí i, ó sì tò wọ́n bí ẹni tó ń ṣe àwo tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí nínú òwò orin. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni fíìmù àti àwo orin rẹ̀ sábà máa ń jáde, kí ọ̀kan lè máa polówó èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ lára ariwo fíìmù kò ní dúró kí ariwo náà rọlẹ̀ tán. Ẹ tún wo èèpo àwo náà: kò sí ojú òṣèré kankan lórí rẹ̀, àwòrán tí Julian Grater yà ni wọ́n lò. Orúkọ fíìmù wá di àlàyé kékeré lábẹ́ orúkọ tí Gabriel fún un. Èmi ò rí ẹ̀rí míì tó ju èyí lọ pé ọkùnrin náà fẹ́ kí á gbọ́ ọ bí àwo tó dá dúró.

Ta ni Peter Gabriel kó tó di pé ó ṣe èyí?

Òun ni akọrin ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Genesis títí ó fi kúrò ní 1975. Lẹ́yìn náà ló ń dá kọrin, ìgbà tí àwo So jáde ní 1986 ló wá di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Youssou N'Dour ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ti wà nínú àwo yẹn.

Kí So tó dé, òun àti àwọn mìíràn ti dá WOMAD sílẹ̀, àjọ̀dún tó ń kó olórin jọ láti gbogbo ilẹ̀ ayé. Àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní Shepton Mallet ní 1982, gbèsè ńlá ló sì dá sí wọn lọ́rùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú Genesis ló kó ara wọn jọ fún eré alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n lè bá a san án. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe nígbà tí Scorsese pè é ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn onílù Áfíríkà kiri.

Ṣé orin rọ́ọ̀kì wá ni Passion?

Bí ẹ bá ń retí gìtá tó ń pariwo, ẹ máa dúró títí. Àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì àti jáàsì wà níbẹ̀ o: David Rhodes lórí gìtá, Nathan East lórí báàsì, Manu Katché àti Billy Cobham nídìí ìlù. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe.

Ibi tí ọwọ́ olórin rọ́ọ̀kì ti hàn ni bó ṣe kọ́ orin náà lé ara wọn. Gabriel mọ ẹ̀rọ Fairlight lò dáadáa. Ẹ̀rọ yẹn máa ń gba ohùn sínú, tí èèyàn á sì máa tẹ ohùn náà bíi dùùrù. Á mú ìlù kan tí wọ́n lù ní iṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á jẹ́ kó máa yí po, á tẹ́ báàsì sábẹ́ rẹ̀, á wá gbé ohùn èèyàn lé e. Olórin fíìmù tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ á kọ ọ́ sórí ìwé fún ẹgbẹ́ oní-fáólìn ọgọ́rin èèyàn. Ọ̀nà Gabriel yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí orin náà kò fi dà bí orin fíìmù Bíbélì àtijọ́, àwọn tí kàkàkí máa ń dún gbàù nígbà tí ọba bá wọlé.

Fèrè wo ló bẹ̀rẹ̀ àwo náà? Ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ lè mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Duduk ni, fèrè ilẹ̀ Àméníà, tí wọ́n ń fi igi ápírákọ́ọ̀tì gbẹ́. Èèyàn méjì ló máa ń fun ún pọ̀. Ọ̀kan á di ohùn kan ṣoṣo mú nísàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ já, nítorí náà ẹni náà á máa gba imú fa èémí wọlé lákòókò kan náà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ sínú fèrè. Èkejì ló wá ń rìn lórí ohùn yẹn. Vatche Housepian àti Antranik Askarian ni àwọn méjì tí ẹ ń gbọ́ nínú The Feeling Begins.

Ẹ tẹ́tí sí bí orin yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Fèrè nìkan ni fún ìgbà díẹ̀, ó ń falẹ̀, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ìlù á wá wọlé, kò wọlé pẹ̀lú ipá. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù á máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, fáólìn Shankar ará Íńdíà á gbé ohùn sókè, títí orin tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fọ̀ á fi di ijó. Láàárín iṣẹ́jú mẹ́rin péré ni o.

Ìdí tí etí yín fi mọ̀ ọ́n ni pé àwọn onífíìmù fẹ́ràn duduk gan-an lẹ́yìn àwo yìí. Ó wà nínú Gladiator ní ọdún 2000, Djivan Gasparyan ló fun ún níbẹ̀. Lónìí, tí wọ́n bá ti fi aṣálẹ̀ hàn nínú fíìmù, ẹ máa gbọ́ ọ. Ó tiẹ̀ ti ń sú mi. Ẹ̀bi àwọn tó ń wò wọ́n ṣe nìyẹn, kì í ṣe ti The Feeling Begins.

Àwọn wo ló tún wà níbẹ̀?

Wọ́n pọ̀. Nusrat Fateh Ali Khan láti Pakistan, ọ̀gá nínú orin qawwali tí àwọn Súfì fi ń yin Ọlọ́run. Youssou N'Dour àti Baaba Maal láti Sẹ̀nẹ̀gà. Doudou N'Diaye Rose, ọ̀gá onílù sabar ní Dakar. Fatala, ẹgbẹ́ onílù láti Gíní. Hossam Ramzy, onílù ará Íjíbítì, tẹ́ ẹ máa gbọ́ dáadáa nínú Zaar. Zaar fúnra rẹ̀ jẹ́ ètò ìlù àti ijó tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí tó bá gùn èèyàn lójú, ẹni tó bá ti rí ibi tí ìlù ti ń pe òrìṣà kò nílò àlàyé púpọ̀. Kudsi Erguner ti Tọ́kì fun fèrè ney. Jon Hassell ará Amẹ́ríkà fun kàkàkí òyìnbó rẹ̀ tó máa ń dún bí ẹni ń mí sí i. Shankar láti Íńdíà wà nínú rẹ̀ níbi púpọ̀ pẹ̀lú fáólìn ọlọ́rùn méjì olókùn mẹ́wàá.

Mahmoud Tabrizi Zadeh ará Iran ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Kementché ló ń ta nínú Stigmata. Ìbátan gòjé ni ohun èlò yẹn: wọ́n á gbé e ró, wọ́n á sì máa fi ọ̀pá onírun fà á. Bí ẹ bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji rí, ẹ mọ irú ohùn tó máa ń ha ọ̀fun díẹ̀ yẹn, tó sì máa ń tẹ̀ lé ohùn akọrin bí òjìji. Nínú Stigmata, Gabriel fúnra rẹ̀ ló ń fi ohùn bá a rìn.

Ṣé ọwọ́ Yorùbá kankan wà níbẹ̀?

Kò sí. Ẹ má jẹ́ ká fi agídí fà á wọlé.

Ohun tó wà ni tama, ìlù tí Massamba Diop ti Sẹ̀nẹ̀gà lù. Ọmọ ìyá gángan ni: ó fún láàárín, wọ́n fi awọ bò ó lójú méjèèjì, abẹ́ apá ni wọ́n ń gbé e sí, apá á tẹ okùn, ohùn á gòkè. Ó kéré sí gángan tiwa, ohùn rẹ̀ sì mú jù. Ọmọ Àyàn tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ìlù náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ, torí Yorùbá kọ́ ló ń sọ.

Ẹ sì ti gbọ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí láìmọ̀. Òun ló lu tama nínú orin fíìmù Black Panther ní 2018, Baaba Maal ló kọrin níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì nìyẹn o, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn fíìmù Scorsese. Ludwig Göransson tó kọ orin ọ̀hún gba Oscar fún un.

Onígbàgbọ́ ni mí. Mo gbọ́ pé wọ́n ní fíìmù yẹn sọ̀rọ̀ òdì sí Jésù.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ìwọ́de ní Amẹ́ríkà, àwọn orílẹ̀-èdè kan fòfin dè é, ní oṣù kẹwàá 1988 àwọn kan sì dáná sun ilé sinimá Saint-Michel ní Paris, àwọn èèyàn fara pa. Ìwé ìtàn àròsọ tí Nikos Kazantzakis ará Gíríìsì kọ ni wọ́n gbé fíìmù náà kà, fíìmù sì sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé òun kò tẹ̀ lé ìwé Ìhìnrere. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni apá tó kẹ́yìn, níbi tí Jésù orí àgbélébùú ti rí ara rẹ̀ nínú ìran, tó fẹ́yàwó, tó bímọ.

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wo ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Àmọ́ kò sí ìran yẹn nínú àwo. Ohun tó wà níbẹ̀ ni Gẹtisémánì, àjíǹde Lásárù, àkàrà àti wáìnì, àti It Is Accomplished, tí í ṣe ọ̀rọ̀ «Ó parí» tí Olúwa sọ lórí igi. Ìlù àti agogo ló kún inú orin yẹn. Ayọ̀ ló gbé jáde níbi tí ẹlòmíì ìbá ti fi ẹkún parí rẹ̀.

Mùsùlùmí sì ni Nusrat, N'Dour àti Baaba Maal, àwọn ni ohùn wọn ró jù nínú orin nípa ìjìyà Jésù. Àwọn kan rò pé ohun ìyanu nìyẹn. Ilé tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò ń lọ jímọ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésì, kò ní bi mí léèrè.

Ṣé kì í ṣe pé òyìnbó kan kàn kó iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì jọ, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn béèrè ni. Mo lè dáhùn ní ìdajì.

Ohun tó dára: orúkọ gbogbo wọn wà lára àwo náà, pẹ̀lú ohun tí oníkálukú lù tàbí tó fun. Orúkọ Shankar wà pẹ̀lú ti Gabriel gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jọ kọ Open, ti Tabrizi Zadeh náà wà lára Stigmata. Lọ́dún kan náà ni àwo kejì jáde, Passion – Sources, tó kó orin àwọn èèyàn náà fúnra wọn jọ láì sí ọwọ́ Gabriel lórí rẹ̀. The Wind Subsides wà níbẹ̀, orin duduk tí The Feeling Begins ti ara rẹ̀ hù. Ya Sah ti Nass El Ghiwane, àwọn ọmọ Mòrókò, wà níbẹ̀ bákan náà. Kò pọ̀ nínú àwọn tó ń yá orin lò tó máa tọ́ka ilé tó ti yá a.

Ohun tó kù: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì wà lójú àwo, òun náà ló sì ni púpọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn lábẹ́ òfin. Ohun tó gba etí èèyàn nínú The Feeling Begins, Àméníà ló ni ín. Mo fẹ́ràn àwo náà, mo sì rò pé ẹni tó bá gbọ́ Passion tí kò gbọ́ Sources ti jẹ gbèsè.

Orin wo ló ga jù nínú wọn?

Passion, orin kẹẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ orúkọ àwo. Ó lé ní iṣẹ́jú méje. Nínú fíìmù, ibi tí Jésù ti ń ru àgbélébùú láàárín èrò tó ń fi í ṣẹ̀sín ló wà. Ohùn mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: ti Nusrat, ti N'Dour, àti ti ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Julian Wilkins. Ọmọ náà ń kọrin bí ọmọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àgùdà, ohùn tó tẹ́jú, tí kò gbọ̀n rárá. Nusrat ń ké lókè, ó ń yí ohùn, ó ń já a, ó tún ń so ó. Wọn kò dá ara wọn lóhùn, kò sì sí èyí tó gba ọ̀nà fún èkejì. Kàkàkí Hassell wà láàárín wọn bí èéfín. Ẹni tí kò tíì wo fíìmù kò ní mọ ẹni tó ń ru igi, àmọ́ ó dájú pé á mọ̀ pé ẹrù wúwo.

A Different Drum ni mo fi ṣe ìkejì, nítorí ohùn N'Dour.

Ṣé mo lè fo àwọn kan?

Lazarus Raised àti In Doubt kò ju iṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ, wọn kò tó ohun tí a ń fò. Open ni mo rò pé ó dẹ̀ jù: fáólìn àti ohùn lásán, ó ń lọ, kò dé ibì kan. Ẹ̀yin lè fẹ́ràn rẹ̀. With This Love fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fèrè òyìnbó tí wọ́n ń pè ní oboe, ti Robin Canter, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Ti àkọ́kọ́ tó mi.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má jẹ́ kí fóònù dà wọ́n pọ̀. Ẹ gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe tò.

Ṣé ó gba ẹ̀bùn kankan?

Ó gba Grammy ní 1990, ní ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní New Age, ti orin ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí ni.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni kí n gbọ́ tẹ̀ lé e?

Sources ni àkọ́kọ́, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Gabriel ṣe orin fíìmù méjì mìíràn tí mo mọ̀ dáadáa: Birdy ní 1985, tó fa púpọ̀ nínú rẹ̀ yọ láti inú àwọn orin rẹ̀ àtijọ́, àti Long Walk Home ní 2002, fún fíìmù Rabbit-Proof Fence nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà. Ìkejì yẹn dákẹ́ ju Passion lọ.

Láàárín àwọn olórin gìtá, ẹ wá Paris, Texas ti Ry Cooder, 1985. Neil Young náà ṣe ti Dead Man ní 1996, gìtá rẹ̀ ló sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sínú àwo, ìyẹn sì ń dá mi padà sí ilé sinimá nígbà gbogbo.

Èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n fi gbọ́ ọ?

Wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe ní 2002, èyí ló wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó sì dára. Bí ẹ bá rí síídì tàbí àwo dúdú ti 1989 lọ́jà òkìrìkà, ẹ rà á fún àlàyé inú ìwé rẹ̀, níbi tí orúkọ oníkálukú àti ohun èlò rẹ̀ wà.

Agbọ̀rọ̀sọ fóònù kò lè gbé e. Báàsì abẹ́ rẹ̀ ló gbé púpọ̀ nínú àwọn orin náà dúró, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ rárá níbẹ̀. Ẹ lo èyí tí ń bo etí, tàbí agbọ̀rọ̀sọ gidi, kí ẹ sì dúró dìgbà tí ẹ bá ti pa jẹnẹrétọ̀, tori ohùn ìsàlẹ̀ duduk àti ti jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, jẹnẹrétọ̀ ló sì máa ń borí.